Àwọn Ọmọ Tirẹ̀ Ńkọ́?

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, nígbà tí ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́. Àwa ọmọ ìgbà náà kò mọ tẹlifíṣọ̀n. Mọ́tò ìjọba ló máa ń gbé sinimá wá sí àdúgbò. Wọ́n á ta aṣọ funfun, ẹ̀rọ á máa kùn, àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ níwájú, àwọn àgbà á dúró lẹ́yìn wa. Ohun tí wọ́n ń fi hàn wá kò ju bí a ṣe ń dènà ibà àti bí a ṣe ń tọ́jú kòkó lọ. Nígbà tó yá ni ilé sinimá tí a ń san sísì wọ̀ dé, tí a wá ń wo àwọn òyìnbó ẹlẹ́ṣin tó ń yin ìbọn, àti àwọn ará Íńdíà tó ń kọrin yí igi ká.

Bí obìnrin dúdú bá yọjú nínú fíìmù òyìnbó, a ti mọ iṣẹ́ tó bá wá. Á gbé àwo wọlé, á dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, á pa wá lẹ́rìn-ín, á sì jáde. Bí kò bá gbé àwo, á jẹ́ pé inú igbó ló wà, tó ń jó, tí aṣọ ara rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwọn ìyá tó máa ń dúró lẹ́yìn wa níbi sinimá ìjọba, àwọn ni wọ́n tẹ̀ lé Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jáde nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n kọrin níwájú ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀, títí ọba, Aláké Adémọ́lá, fi gbé ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949, tó kọrí sí Òṣogbo. Ìyá tèmi wà nínú wọn. N kò rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú sinimá kankan ní gbogbo ìgbà èwe mi.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni mo wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí New York láti lọ kọ́ iṣẹ́ ilé ìkàwé. Mo bá ọmọbìnrin kan pàdé ní kíláàsì, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia, tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Brooklyn. Ìyá yìí ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilé ìdáná àwọn òyìnbó ní Georgia kó tó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá sí àríwá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé wọn, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fà mí dìde wàrà, ó ní kò sẹ́ni tó kí òun báyẹn rí láyé òun. Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá tètè yọjú, á bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ọmọ mi ará Áfíríkà yẹn dà?” Màmá ni èmi náà ń pè é títí ó fi kú.

Àkókò yẹn ni fíìmù tí àwọn dúdú ń ṣe olórí eré gba ìgboro kan. Ọ̀rọ̀ Pam Grier, òṣèrébìnrin dúdú kan, ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ó gbé ìbọn nínú Coffy ní 1973, ó tún gbé e nínú Foxy Brown ní 1974, ó ń gbẹ̀san lára àwọn tó ń ta oògùn olóró. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí pé kò gbé àwo oúnjẹ fún ọ̀gá kankan. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà ní láárí. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá léèrè pé, kí ló dé tí wọ́n fi ní láti bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ kó tó lè gbẹ̀san? Àwa méjèèjì kò fèsì. Òyìnbó ọkùnrin kan, Jack Hill, ló kọ fíìmù méjèèjì, òun náà ló sì darí wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, tẹlifíṣọ̀n NBC gbé Gone with the Wind sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà, alẹ́ méjì léra wọn. 1939 ni wọ́n ti ṣe fíìmù yìí. Ìtàn ìdílé òyìnbó olóko kan ní Georgia ni, ní ìgbà ogun abẹ́lé wọn, tí àwọn ẹrú ń bá wọn ṣe gbogbo iṣẹ́. Hattie McDaniel ló ṣe ẹrúbìnrin tó tọ́ ọmọbìnrin ilé náà dàgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Mammy. Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, abọ́ ẹ̀wà tútù wà lórí itan rẹ̀ tó ń bó, ó sì ń dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn. “Níbo ni obìnrin yìí ń sùn? Ta ni ọkọ rẹ̀? Gbogbo wàhálà tó ń ṣe lórí ọmọ ọlọ́mọ yìí, àwọn ọmọ tirẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n ń jẹ́?” Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́rin, a kò sì gbọ́ orúkọ tí ìyá Mammy sọ ọ́. Nígbà tó parí lálẹ́ kejì, Màmá ní, “Mo mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Wọ́n wà nílé, wọ́n ń dúró dè é. Èmi náà fi tèmi sílẹ̀ tó ń sunkún, mo lọ ń rẹ ọmọ ẹlòmíràn lẹ́kún.” Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Inú ń bí ọ̀rẹ́ mi sí McDaniel. Ó ní obìnrin náà ti ba gbogbo wọn lórúkọ jẹ́. Màmá kò gbà rárá. Ó ní kí a má bú ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́, kí a bi ẹni tó kọ ìwé eré léèrè. Nítorí àríyànjiyàn yẹn ni mo ṣe lọ wá ìtàn McDaniel kà ní ilé ìkàwé. Ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n bí i sí, ẹrú sì ni àwọn òbí rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta ní oṣù Kejìlá 1939, kò lè lọ, torí òfin ìlú náà kò gbà kí dúdú àti funfun jọ jókòó. Ní 1940 ló gba ẹ̀bùn Oscar, òun ni dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe àpèjẹ ẹ̀bùn náà kì í gba dúdú wọlé. Wọ́n ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, tábìlì kan lẹ́bàá ògiri, jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré, ni wọ́n sì fi í sí. Walter White, olórí ẹgbẹ́ NAACP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, kò yéé bu ẹnu àtẹ́ lu irú ipa tí McDaniel ń kó. McDaniel kú ní 1952. Ìtẹ́ òkú Hollywood tó ní kí wọ́n sin òun sí kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó fi ẹ̀bùn Oscar náà sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard, ó sì sọnù níbẹ̀. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo ka díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí fún Màmá, ó ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n fi òun náà sí.”

Ọ̀rọ̀ Butterfly McQueen, tó ṣe ẹrúbìnrin kékeré tó ń ké ṣáá nínú fíìmù kan náà, tún mú mi lọ́kàn. Malcolm X kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé òun nìkan ni dúdú nínú ilé sinimá lọ́jọ́ tí òun wò ó ní Michigan, ìtìjú sì bo òun nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀. McQueen fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ipa náà. Nígbà tó yá, ó kọ̀ láti máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, iṣẹ́ sì wọ́n ọn. Ó lọ sílé ìwé, ó sì gboyè jáde ní City College ní New York ní 1975, nígbà tó pé ẹni ọdún 64. Ìlú kan náà ni a jọ wà, mo ń gun ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kọjá àdúgbò ilé ìwé yẹn.

Nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo ń tò ni mo ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí n kò gbọ́ rí. Ní 1923, àwọn ọmọbìnrin àwọn tó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà nítorí kí oko ẹrú má baà parẹ́ ní àwọn fẹ́ gbé ère Mammy kalẹ̀ ní Washington, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹrúbìnrin tó tọ́ wọn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin dúdú dìde, Mary Church Terrell wà lára àwọn tó kọ̀wé ta kò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ère náà kalẹ̀ dòní. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí Aké. Àwọn obìnrin wọ̀nyí náà ti ń sọ pé rárá tipẹ́tipẹ́. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe fíìmù ni.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àwọn obìnrin dúdú fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde. Ní 1977, àwọn obìnrin kan ní Boston tí wọ́n ń pe ara wọn ní Combahee River Collective kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyà àwọ̀, ìyà obìnrin àti ìyà òṣì ti lọ́ mọ́ra wọn lára àwọn, kò sẹ́ni tó lè mú ọ̀kan kó ní kí àwọn fi ìyókù sílẹ̀ dìgbà mìíràn. Ní 1981, ọmọ Kentucky kan tí wọ́n bí ní Gloria Jean Watkins gbé ìwé jáde lórí ìtàn obìnrin dúdú láti ìgbà ẹrú. Orúkọ ìyá tó bí ìyá-ńlá rẹ̀, bell hooks, ló fi kọ ọ́, lẹ́tà kékeré ló sì fi ń kọ orúkọ náà. Patricia Hill Collins tẹ̀ lé e ní 1990. Ó to àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe obìnrin dúdú lẹ́sẹẹsẹ: ọmọ ọ̀dọ̀ tí inú rẹ̀ ń dùn sí ìyà, ìyá alágídí tó ń lé ọkọ sá, ìyá tó ń bímọ nítorí owó ìrànwọ́ ìjọba, àti onísìná. Ó ní iṣẹ́ ni àwọn àwòrán yìí ń ṣe: wọ́n ń mú kí ìyà tí ìlú fi ń jẹ obìnrin dúdú dà bí ẹ̀bi àwọn obìnrin náà fúnra wọn. Èyí kò ṣòro fún mi láti gbà. Ní 1976 kan náà tí a wo Mammy lórí tẹlifíṣọ̀n, Ronald Reagan ń fi ìtàn obìnrin kan ní Chicago polongo ìbò, tó ní ó ń fi orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gba owó ìjọba. Kò dárúkọ àwọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ irú ẹni tó ń wí.

Ọ̀rọ̀ hooks tó jáde ní 1992 ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní láyé ẹrú, wọ́n ń na dúdú nítorí pé ó wojú ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kì í wo àgbà lójú, ọ̀wọ̀ ni a fi ń bù fún un. Tiwọn yẹn, ẹgba ló ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, hooks ní, nígbà tí obìnrin dúdú bá jókòó sínú òkùnkùn sinimá tó tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n fi í ṣe, tó sì kọ̀ láti gbà á, ìjà ló ń jà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ tán, mo pa ìwé dé. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi kò kàwé púpọ̀, ẹ̀wà ló ń bó.

Kí n má gbàgbé ìjà ọdún 1985. Alice Walker, ọmọ Georgia bíi Màmá, tí ìyá tirẹ̀ náà ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ló kọ The Color Purple ní 1982, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Steven Spielberg fi í ṣe fíìmù. Ìtàn Celie ni, ọmọbìnrin tí baba tó tọ́ ọ fipá bá lò pọ̀, tí ọkọ tún ń lù, títí ó fi rí ohùn ara rẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan gbé pátákó dúró sẹ́nu ilé sinimá, wọ́n ní fíìmù náà ba ọkùnrin dúdú jẹ́ lójú òyìnbó. Yíyàn mọ́kànlá ni ó rí fún Oscar, kò gba ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá ní iṣẹ́ òyìnbó ọkùnrin hàn lára rẹ̀, pé ó ti bomi la ìfẹ́ tó wà láàárín Celie àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Shug. Àmọ́ Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ wò ó, ó sunkún, ó tún padà lọ. Ó ní, “Ẹ ní kí a má sọ ọ́ níta. Ta ló ti fìgbà kan gbà kí n sọ ọ́ nínú ilé?” Ọ̀mọ̀wé Jacqueline Bobo lọ jókòó ti irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì gbé ìwé jáde ní 1995. Wọ́n rí àléébù fíìmù náà dáadáa. Wọ́n kàn mú ohun tó jẹ́ tiwọn nínú rẹ̀ ni. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ, ẹnu ẹni náà ni a fi ń sọ pé oúnjẹ yìí dùn mọ́ mi.

Gbogbo ìgbà tí ariwo yìí ń lọ, àwọn obìnrin dúdú kan ti di kámẹ́rà mú. Kathleen Collins, olùkọ́ ní City College, ṣe Losing Ground ní 1982. Obìnrin dúdú inú rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì, ó ń ronú, ó ń bá ọkọ rẹ̀ ayàwòrán fa ọ̀rọ̀, ó ń wá ayọ̀. Ilé sinimá kò gbà á. Collins kú ní 1988, ẹni ọdún 46; ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tún fíìmù náà ṣe tó fi dé ilé sinimá ní 2015. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni ti Julie Dash, Daughters of the Dust, tó jáde ní New York ní ìbẹ̀rẹ̀ 1992. Màmá ti kú nígbà náà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tò sórí ìlà nínú òtútù, obìnrin dúdú ló pọ̀ jù lórí ìlà náà. Fíìmù obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kò tíì dé ilé sinimá káàkiri orílẹ̀-èdè báyẹn rí.

Ọdún 1902 ni ìtàn náà wáyé, ní erékùṣù etí òkun gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn dúdú tí wọ́n ń pè ní Gullah ti di ọ̀pọ̀ àṣà Áfíríkà mú. Ìdílé Peazant fẹ́ ṣí lọ sí àríwá lọ́jọ́ kejì. Nana Peazant, ìyá àgbà wọn, ní òun kò lọ. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ ń dirun fún ara wọn, wọ́n ń se oúnjẹ tí àwọn fúnra wọn á jẹ, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà. Iná tí wọ́n tàn sí àwọ̀ wọn mú kó dán. Nígbà tí mo rí ọwọ́ àwọn àgbà tó ti dúdú búlúù nítorí aró tí wọ́n ń ṣe láyé ẹrú, mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ àwọn aláró Ìtòkú ní Abẹ́òkúta nìyẹn, tí a fi àdìrẹ wọn mọ ìlú wa. Dash ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lórí fíìmù náà pé òun wo àwọn òrìṣà kí òun tó dá àwọn ènìyàn inú rẹ̀: Yellow Mary tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Yemọja, Eli sí ọ̀dọ̀ Ògún. Nínú fíìmù yìí, gbogbo ìbéèrè Màmá ni wọ́n dáhùn. A mọ ibi tí wọ́n ń sùn, a mọ ọmọ tí wọ́n bí, ọmọ inú tí wọn kò tíì bí gan-an ló ń sọ ìtàn fún wa.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní 2012, Octavia Spencer gba Oscar nínú The Help. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló tún ṣe, lẹ́yìn ọdún 72 tí McDaniel ti gbà á. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dúdú onímọ̀ ìtàn kọ̀wé síta pé ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ nígbà tí ìtàn náà wáyé kò hàn nínú rẹ̀ tó. Viola Davis, tóun náà ṣe nínú rẹ̀, wá sọ ní 2018 pé ó dun òun, torí ohùn àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ ni a gbọ́ nígbẹ̀yìn.

Davis yìí kan náà ló ṣe ọ̀gágun nínú The Woman King ní 2022. Mo ti padà sílé tipẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ mi ló mú mi lọ wò ó. Obìnrin dúdú, Gina Prince-Bythewood, ló darí rẹ̀. Àwọn obìnrin ajagun Dàhọ́mì kún ojú, wọ́n lágbára, wọ́n lẹ́wà, inú mi dùn pé àwọn ọmọ mi rí i. Àmọ́ Ẹ̀gbá ni mí. Àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀tá tó ń kó ẹrú, wọ́n sì sọ Ọba Ghezo ti Dàhọ́mì di ẹni tó fẹ́ fi òwò ẹrú sílẹ̀ nítorí epo pupa. Àwọn bàbá wa mọ Ghezo. Ní 1851, ogun rẹ̀, àtọkùnrin àtobìnrin, dé ẹnu odi Abẹ́òkúta láti kó wa lẹ́rú. A lé e. Nígbà tí ogun Dàhọ́mì tún padà dé ní 1864, a tún lé e. Bí a ti ń jáde ni mo bi àwọn ọmọ ọmọ mi pé, àwọn ọmọ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí kó lọ tà ńkọ́? Obìnrin dúdú ló di kámẹ́rà mú lóòótọ́, ìbéèrè Màmá kò torí ìyẹn tán nílẹ̀.

Kò sì yọ tiwa sílẹ̀. Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti gbé Aiyé jáde ní 1979, àjẹ́, ìyá ọkọ burúkú àti orogún elétekéte ti pọ̀ nínú fíìmù Yorùbá ju ìyálọ́jà tó fi òwò kọ́ ilé lọ. Àwọn ìyá tó lé ọba kúrò ní Aké, ọdún mélòó ni wọ́n dúró kí wọ́n tó rí ara wọn nínú fíìmù?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa wò ó, sinimá dára. Bí ẹ bá ti ń wò ó, ẹ bi í léèrè ibi tí obìnrin inú rẹ̀ ń sùn, àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí òṣèré gba ẹ̀bi tó yẹ kó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni owó. Bí ọmọbìnrin yín bá sì ní kámẹ́rà ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹ rà á fún un, kí ẹ sì san owó ìwọlé lọ́jọ́ tí fíìmù rẹ̀ bá jáde.